Kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, kílọ́ọ̀ṣì tútù: èwo ló wà nínú ọ́tò yín?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tó mọ́ tónítóní, tí ìyàwó àtàwọn ọmọ gbà tọwọ́tẹsẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, pàápàá tó bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tó bá wá dé ojú ọ̀nà tó dán, tí kò sí ọkọ̀ níwájú, ara rẹ̀ á yá, á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mẹkáníìkì ní ọ́ìlì jíà ló ti bàjẹ́. Wọ́n fa ti àtijọ́ dànù, wọ́n rọ tuntun sí i, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní ọ́ìlì tí wọ́n rọ yẹn gan-an kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n ra èyí tó wọ́n jù ú lọ, ó ṣì ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin kan tó ń fi skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, ṣiṣẹ́ ló wá wò ó níkẹyìn, tó ní, "Dádì, ibi tó ń dun ọkọ̀ yìí kò sí nínú ọ́ìlì. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ti ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kílọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ṣebí ọ́tò ni mo rà!"

Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀nà méjì péré ni jíà pín sí: máńúà tó ní kílọ́ọ̀ṣì, àti ọ́tò tí kò ní. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí inú wọn kò bára mu rárá ló ń jẹ́ ọ́tò lóde òní. Pé ẹsẹ̀ yín kò kan kílọ́ọ̀ṣì kò ní kí ó má sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, yíyí ló ń yí títí wọn yóò fi pa á. Táyà ní tirẹ̀ á rìn, á dúró, á tún rìn. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì tí yóò máa so wọ́n pọ̀, tí yóò sì máa tú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ẹ́ńjìnnì yóò máa kú. Nínú máńúà, pléètì tí wọ́n lẹ láínìn (ohun líle tó ń di irin mú) mọ́ ló ń ṣe é. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pléètì náà tú. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́ fúláíwíìlì, irin rìbìtì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, títí yóò fi dì í mú ṣinṣin, ọkọ̀ á sì lọ.

Nínú ọ́tò tí gbogbo wa mọ̀ tipẹ́, irú èyí tó wà nínú Camry àti Corolla àtijọ́, ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tó kọjú síra nínú ìkòkò ọ́ìlì tí wọ́n dé pa. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ìyẹn ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì sì ń yí èkejì. Kò sí láínìn tó ń jẹ kí ọkọ̀ tó ṣí, ìdí nìyẹn tí irú ọ́tò bẹ́ẹ̀ fi lè fa ara rẹ̀ láti Ọ̀ṣòdì dé Mile 2 láàárín wákàtí méjì kí nǹkan kan má ṣe é. Irú ọ́tò mìíràn tó ń jẹ́ CVT tún yàtọ̀: bẹ́líìtì irin ló ń lò, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Civic tó dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń wa ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ òní kò kàn án, àfi tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀yà kẹta ni mò ń bọ̀ sí. DCT (dual-clutch transmission, jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì) ni wọ́n ń pè é. Volkswagen ń pe tirẹ̀ ní DSG, Ford pe tirẹ̀ ní PowerShift, Renault pe tirẹ̀ ní EDC. Kí orúkọ má dà yín láàmú: jíà máńúà ni, bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí jíà, ló kàn ń bá yín tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó sì ń bá yín ki jíà bọ ojú rẹ̀. Pléètì ló wà nínú rẹ̀, láínìn ló wà lára pléètì, bíi ti danfo. Ibi tó ti yàtọ̀ sí danfo ni pé kílọ́ọ̀ṣì méjì ló ní.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Ẹ ti rí ibi tí èèyàn méjì ti ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ti ẹni àkọ́kọ́ bá ń balẹ̀, ti ẹnì kejì ti wà lókè, ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Odó kì í sinmi, ọmọ odó méjèèjì kì í sì í kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni DCT. Kílọ́ọ̀ṣì kan ló ni jíà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Èkejì ló ni ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ẹ bá ń sáré lórí jíà kẹta, bréènbọ́ọ̀sì ti ki ìkẹrin bọ ojú rẹ̀, ó ti gbé ọmọ odó sókè. Nígbà tó bá tó àkókò, kílọ́ọ̀ṣì kan ń tú bí èkejì ṣe ń dì mú, kò gbà ju kí ẹ ṣẹ́jú lọ, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò sì ní mọ̀ pé jíà yí.

Èrò yẹn kì í ṣe tuntun. Adolphe Kégresse, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń ṣe é bọ̀ ní 1939, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà láyé ìgbà náà tí yóò máa darí kílọ́ọ̀ṣì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Porsche àti Audi lò ó nínú ọkọ̀ eré ìje ní àwọn ọdún 1980. Ó di 2003 kí Volkswagen tó fi í sínú Golf R32 tí aráàlú lè rà. Tútù ni kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lò nínú ìyẹn.

A ti dé ibi tó ta kókó. Ọ̀rọ̀ "gbígbẹ" yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, tó fi mọ́ àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n rò pé jíà tí kò ní ọ́ìlì ni. Kò sí jíà tí kò ní ọ́ìlì. Àwọn irin eléyín inú rẹ̀ yóò jẹ ara wọn run láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí à ń béèrè ni pé, ṣé pléètì kílọ́ọ̀ṣì náà wà nínú ọ́ìlì, tàbí ó wà níta nínú afẹ́fẹ́? Jíà DSG gbígbẹ ti Volkswagen, èyí tí wọ́n ń pè ní DQ200, ní ọ́ìlì tó tó lítà 1.7 fún àwọn irin eléyín rẹ̀. Èyí tó jẹ́ tútù, DQ250, ń gba nǹkan bíi lítà 7, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Èkó ti mọ ẹ̀yà méjèèjì tipẹ́, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Kílọ́ọ̀ṣì danfo gbẹ: bí wọ́n bá sọ jíà danfo kalẹ̀, pléètì tó jáde á gbẹ, eruku láínìn á sì bò ó. Bí ọ́ìlì bá kán sí i lára pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti ọ̀kadà tutù: inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, pléètì wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan tí wọ́n tò léra bí àkàrà. Mẹkáníìkì ọ̀kadà tó bá fẹ́ tú u á kọ́kọ́ fa ọ́ìlì. Ó tún mọ̀ pé bí wọ́n bá rọ irú ọ́ìlì ọkọ̀ kan tó ń yọ̀ jù sí i, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké ṣùgbọ́n ọ̀kadà ò ní lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Kí wá ni ọ́ìlì ń ṣe fún un? Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíákíá fún ìgbà díẹ̀. Ó gbóná, àbí? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí láínìn nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣí. Ẹ́ńjìnnì ti ń sáré, táyà ṣì dúró, láínìn ló wà láàárín tó ń ra mọ́ irin títí eré àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ooru kò sí níbòmíràn ju àkókò ríra yẹn lọ. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti dì mú tán, tí ẹ ń lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò sí ohun tó ń ra, kò sì sí ooru. Ó yẹ kí èyí sọ fún yín ìdí tí ara ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń yá lẹ́yìn Ìbafò, tó sì máa ń gbọ̀n ní Ọ̀jọ́ta.

Kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kò ní ibi tó lè kó ooru náà lọ ju irin ara rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ inú àpótí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ sì lọ, yóò gbóná díẹ̀, yóò sì tún tù. Bí ẹ bá ń ṣí i ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan, tí ẹ kàn ń wọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì, ooru á máa gun orí ooru. Láínìn á dán bíi gíláàsì, ìmú rẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́, ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú kílọ́ọ̀ṣì tútù, ọ́ìlì ń ṣàn gba ojú pléètì kọjá, ó ń gbé ooru lọ sí kúlà, ó sì ń padà wá. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí omi wà lára rẹ̀ àti ohun tí kò gbóná: tútù. N kò mọ èdè mìíràn tí orúkọ kílọ́ọ̀ṣì yìí ti bá iṣẹ́ rẹ̀ mu tó báyìí.

Ẹ lè wá béèrè pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kó àwọn òyìnbó sínú ṣíṣe èyí tó gbẹ? Epo ni. Pléètì tó ń yí nínú ọ́ìlì dà bí ẹni tó ń sáré nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ọ́ìlì ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì náà sì ń jẹ lára agbára ẹ́ńjìnnì. Kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Ó fúyẹ́, ó ń dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù, kò sì nílò kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì lítà púpọ̀. Fún ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́bí ní Yúróòpù, níbi tí òfin èéfín ti le tí epo sì wọ́n, ìṣirò náà bọ́gbọ́n mu. Ní 2008 ni Volkswagen gbé DQ200 jáde, jíà méje, kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Agbára ìyí tó lè gbé kò ju 250 Nm lọ, nígbà tí DQ250 tó jẹ́ tútù lè gbé 350 Nm. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n so ó mọ́, nínú Golf, Jetta, Octavia, títí dé àwọn Passat kan.

Ìṣirò ìlú kan lè má bá ìlú mìíràn mu. Ní Ṣáínà, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wọn kò kéré sí tiwa, ẹjọ́ DSG pọ̀ débi pé ní 2012 Volkswagen fa àtìlẹ́yìn wáráńtì jíà náà dé ọdún 10 tàbí kìlómítà 160,000. Ní oṣù kẹta 2013, wọ́n pe ọkọ̀ 384,181 padà ní orílẹ̀-èdè yẹn. Oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ náà tún kéde pé àwọn yóò pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.6 kárí ayé, kí wọ́n lè fa ọ́ìlì àtọwọ́dá inú DSG oníjíà méje dànù, kí wọ́n sì rọ èyí tó jẹ́ ti inú ilẹ̀ sí i. Àlàyé wọn ni pé ọ́ìlì ti àkọ́kọ́ lè ba iná mànàmáná jíà náà jẹ́ níbi tí ojú ọjọ́ bá ti gbóná tí ọ̀rinrin sì pọ̀, pàápàá tí ọkọ̀ bá ń ṣí tó ń dúró. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, kí ẹ sọ fún mi bóyá kò dà bíi pé Èkó ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. (Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ láínìn o, ọ̀rọ̀ àwọn wáyà àti bréènbọ́ọ̀sì inú jíà ni. DCT lè ṣàìsàn ju ẹyọ kan lọ.)

Ti Ford ló tún kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà jù lọ, òun náà ló sì kàn wá jù, nítorí pé Focus àti Fiesta láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé. Fiesta ti 2011 sí 2016 àti Focus ti 2012 sí 2016 tí wọ́n tà lọ́hùn-ún ló ní PowerShift oníkílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Àléébù tó le jù níbẹ̀ ni pé ọ́ìlì sílì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) ara ọ̀pá tó wọ inú jíà ń jò, ọ́ìlì yẹn sì ń kán sára láínìn tó yẹ kó gbẹ. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa danfo. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa fà sẹ́yìn bíi màlúù tí kò fẹ́ dé ọjà. Bréènbọ́ọ̀sì jíà náà ní àìsàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2014 Ford fa wáráńtì kílọ́ọ̀ṣì àti àwọn sílì wọ̀nyẹn dé ọdún 7 tàbí máìlì 100,000 ní Amẹ́ríkà. Ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ ní kí Ford san owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là ti ilẹ̀ wọn ní 2018, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe sí àwọn oníbàárà tó wá fi ẹjọ́ jíà yìí sùn. Ẹjọ́ àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà parí sí ìpẹ̀tù tí adájọ́ fọwọ́ sí ní 2020. Wáráńtì wọ̀nyí kò sì bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó bá dé Tin Can tàbí Kútọnu, ẹni tó rà á ló ni àìsàn rẹ̀.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo Ford ló rí bẹ́ẹ̀. Mondeo tí wọ́n tà ní Yúróòpù pẹ̀lú PowerShift ní kílọ́ọ̀ṣì tútù. Fusion ti Amẹ́ríkà, tó jọ Mondeo bí ìbejì, kò ní DCT rárá. Ọ́tò onífáànù-inú-ọ́ìlì ló ní. Orúkọ tó wà lára bùútù kò tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Lára Volkswagen àti Škoda, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye jíà. DSG tó bá ní jíà mẹ́fà, tútù ni. Irú rẹ̀ ló wà nínú Jetta oní-dísù àti GLI tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn. Tó bá ní méje tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kéré, bíi 1.2 tàbí 1.4, ẹ fura sí gbígbẹ. Ṣùgbọ́n méje nìkan kì í ṣe ẹ̀rí: DQ381 àti DQ500 ní méje, tútù sì ni àwọn méjèèjì. Kóòdù jíà máa ń wà lórí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí táyà sípíà ń sùn, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi í wá a rí, tàbí kó fi nọ́ńbà ṣásíìsì wá a. Ti Hyundai rọrùn díẹ̀: jíà méje inú Elantra Eco àti Sonata Eco gbẹ, jíà mẹ́jọ inú Elantra N àti Sonata N Line tutù. Mercedes CLA, tútù. Honda ní tiwọn wá ọgbọ́n mìíràn: nínú Acura TLX oní-2.4 tí wọ́n gbé jáde fún 2015, wọ́n fi fáànù inú ọ́ìlì ti ọ́tò àtijọ́ síwájú DCT, kó máa bá wọn ṣí ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ pọ̀.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ni kí ẹ rà, tí ẹ sì ń gbé Èkó tí ẹ ń ti Ìkòròdú lọ Erékùṣù lójoojúmọ́, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: tútù. Tí ẹ bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀ tàbí Adó-Èkìtì, tó jẹ́ pé ẹ lè wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìdúró ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, gbígbẹ lè sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Epo tí yóò dín kù kì í ṣe kékeré nísinsìnyí tí lítà epo ti di ohun tí à ń fi ọwọ́ lérán sọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ra tútù má lọ sùn. Ìyà tirẹ̀ wà nínú ọ́ìlì. Nínú DQ250, ọ́ìlì kan náà ló ń tu kílọ́ọ̀ṣì lára, òun ló ń kun irin eléyín, òun náà ni bréènbọ́ọ̀sì ń lò láti fi ti kílọ́ọ̀ṣì pa àti láti tú u. Eruku láínìn tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ń bọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Volkswagen fi ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì náà àti fílítà rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 60,000. Ẹ wo tòkunbọ̀ tó ti rin máìlì 90,000, tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan tàbí tí kò pààrọ̀ rárá. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé nìyẹn, kí ẹ tó ra rọ́ọ̀gì tuntun àti táyà aláràbarà.

Irú ọ́ìlì tí wọ́n rọ ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Àwọn mẹkáníìkì wa ní ìfẹ́ sí ATF pupa, ọ́ìlì ọ́tò àtijọ́. Wọ́n gbà pé ọ́tò gbogbo ló ń mu ún. DCT tútù kì í mu ún. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún un ni, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kun irin kí irin má jẹra, síbẹ̀ kó má yọ̀ débi tí pléètì ò ní lè di ara wọn mú. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà àti ọ́ìlì ọkọ̀ náà nìyẹn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wọn iye rẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé ìwọ̀n kan, 35 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún DQ250, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó bá pa ẹ́ńjìnnì, tó ki ìka bọ ihò, tó ní "ó ti kún", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wa ọkọ̀ yín lọ síbòmíràn.

Fún ẹni tí gbígbẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà yín lórí ìdúró àti ìṣí ló kù. Àṣà tí ọ́tò àtijọ́ kọ́ wa ni pé ká rọra jáwọ́ lára bíréèkì, kí ọkọ̀ máa wọ́ fúnra rẹ̀ ní ìka méjì méjì tẹ̀lé ọkọ̀ iwájú. Nínú DCT gbígbẹ, wíwọ́ yẹn ni jíjẹ láínìn. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí bréènbọ́ọ̀sì lè tú kílọ́ọ̀ṣì pátá; ẹ jẹ́ kí àlàfo ṣí níwájú; nígbà náà ni kí ẹ tẹná, kí ọkọ̀ lọ gidi, kí kílọ́ọ̀ṣì dì mú kíákíá. Tẹ́ ẹ bá wà lórí òkè, bíi gígun Màpó ní Ìbàdàn tàbí àwọn òkè Abẹ́òkúta, ẹ má fi iná di ọkọ̀ mú lójú kan. Mo mọ̀ pé ó dùn ún ṣe, àwọn awakọ̀ máńúà sì ń fi í yangàn. Nínú DCT, ẹ kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́sẹ̀ tí yóò sọ fún yín pé láínìn ń jó. Òórùn ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Bíréèkì ni kí ẹ lò. Bí ìkìlọ̀ ooru jíà bá sì jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ ki í sí P, kí ara rẹ̀ tù. Kì í ṣe ìkìlọ̀ téèyàn ń gbójú fò.

Àwọn tó ń lọ ra ọkọ̀ ní báyìí, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò ọkọ̀ fi ìsáré ojú ọ̀nà márosẹ̀ dán an wò fún yín. Ibẹ̀ ni DCT tó ń ṣàìsàn ti máa ń dà bí ọmọ ọba. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ gbóná, ẹ wá mú un wọ ibi tí ọkọ̀ ti pọ̀. Ẹ fi rìvásì gun ibi tó ga díẹ̀, jẹ́jẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀ fún ariwo irin tó ń gbọ̀n kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ yín bí jíà bá ń lọ láti ìkejì sí ìkìíní. Bó bá gbọ̀n nígbà tó ń ṣí, tó sì dákẹ́ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó ní skánà tó yẹ lè tún wo iye tí láínìn kù àti ooru tí kílọ́ọ̀ṣì ti rí rí, nínú àwọn ọkọ̀ kan. Àyẹ̀wò yẹn kò tó ìdá kékeré owó kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Lórí kílọ́ọ̀ṣì tuntun: kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú sípánà mẹ́rin. Kílọ́ọ̀ṣì méjì tó wà nínú ara wọn ní irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á jáde, wọ́n ń wọn ààyè rẹ̀ kí wọ́n tó dè é padà, tí wọ́n bá sì dè é tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi skánà kọ́ bréènbọ́ọ̀sì ní ibi tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bí wọn kò bá kọ́ ọ, yóò máa tẹ̀ ẹ́ bíi ti àtijọ́ tó ti jẹ tán, ọkọ̀ á sì tún máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló ti ra kílọ́ọ̀ṣì kejì nítorí èyí, nígbà tí àkọ́kọ́ kò ní àléébù kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ tirẹ̀ níkẹyìn, ní sọ́ọ̀bù ọmọkùnrin oní-skánà yẹn, ó sì ṣì ń wa ọkọ̀ náà. Tó bá dé Ọ̀jọ́ta báyìí, ó máa ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, á dúró kí àlàfo tó ọkọ̀ kan ṣí níwájú rẹ̀ kó tó lọ. Danfo ló máa ń wọ àlàfo náà.